Ọwọ́ Ìyá Ọkọ Mi Lára Kọntirólà

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, nǹkan méjì ló wọ ilé wa ní Bódìjà ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Èkíní ni ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá láti Mọ́níyà láti bá mi tọ́jú ọmọ. Èkejì ni sólà tí ọkọ mi rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílùú rẹ̀. Kí n má purọ́, n kò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìgbà ìjọba ológun ni. Iná ìjọba máa ń wá sílé wa bí àlejò tó kàn yà mu omi: kó tó jókòó, ó ti dìde. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní fisíìsì nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan, kò sì sí ohun tó wọ ọwọ́ rẹ̀ tí kì í sọ di iṣẹ́ kíláàsì. Ó gbé dígí mẹ́rin tó ń gba oòrùn sórí òrùlé. Ó to bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù méjì sẹ́yìn kíṣìnnì, lábẹ́ páànù. Ó wá kan kọntirólà mọ́ ògiri, ìyẹn àpótí tó ń wọn iná fún bátìrì kó má baà yó jù.

Ẹlòmíràn ì bá ní kọntirólà kan. Méjì ni tiwa, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá, méjèèjì sì lábùkù. Kékeré kò lè gba gbogbo iná tí dígí mẹ́rin ń rọ̀ wá lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá le, ó lè jó. Ńlá ti darúgbó, oòrùn àárọ̀ kì í jí i. Nítorí náà, ọwọ́ la fi ń yí i: kékeré láàárọ̀, ńlá lọ́sàn-án, kékeré lẹ́ẹ̀kan sí i nírọ̀lẹ́. Ṣénjóvà onírin kan ló wà fún un, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn tó ọmọ orógùn. Wàá kọ́kọ́ fà á sáàárín, kí dígí má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí o tó tì í sí òdìkejì. Ọkọ mi kọ àkókò tí a ó máa yí i sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, àti aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Màmá kò mọ̀wé. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé, wọ́n bi ọkọ mi pé kí ló ń wá lára ògiri lójoojúmọ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì ṣàlàyé fún odindi wákàtí kan. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó ti yé mi. Èyí ńlá ni ìyálé, èyí kékeré ni ìyàwó. Bátìrì lọkọ. Wọn kì í wọlé tọ̀ ọ́ pọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí lẹ́yìn mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Màmá pa mí lẹ́rìn-ín. Títí di ìgbà náà, ọbẹ̀ mi kò níyọ̀ tó lójú wọn, omi tí mo fi ń wẹ ọmọ kò gbóná tó, èmi náà sì ń ka ọjọ́ tí wọn yóò lọ.

Bí ọkọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá ló ń yí ṣénjóvà. Wọn kì í wo aago. Wọn a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọntirólà bí ẹni ń yẹ iwájú orí ọmọ wò. Wọn a ní, "Ara ẹ̀ ti ń gbóná, ẹ jẹ́ ó sinmi," wọn a sì yí i. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi dé, ó bi wọ́n pé, "Màmá, aago mélòó lẹ yí i?"

"Ìgbà tó gbóná."

"Aago mélòó ni ìgbà tó gbóná?"

"Ìwọ lo kàwé. Bi aago."

Inú bí i. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ọjọ́ tí òun bá ti wà nílé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Níwájú Màmá, mo dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà." Nígbà tí a wọ yàrá, mo ní, "Orí ẹ ò pé."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó pe ọ̀gá ẹ̀ka wọn àti olùkọ́ mẹ́ta pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ òun ní ọjọ́ Sátidé. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣíwájú, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, oòrùn sì ti mú láti àárọ̀. Mo din pọfupọ́ọ̀fù. Àwọn àlejò dúró sẹ́yìn kíṣìnnì, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá wọn, obìnrin gíga kan tó wọ búbà funfun, ló wà níwájú. Màmá gbé ọmọ lé itan lórí àpótí ìjókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ọkọ mi sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Màmá dìde, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọntirólà kékeré.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ìyàwó ti ń gbóná o."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Màmá, ẹ jókòó. Ó ṣì ku ogójì ìṣẹ́jú."

Wọ́n jókòó. Kò pẹ́, wọ́n tún dìde. "Ọmọ mi, ibà ni èyí."

"Ẹ máà bínú," ọkọ mi sọ fún àwọn àlejò. "Ìyá mi ni." Ó kọjú sí ògiri. "Ṣé ẹ rí i, bí ooru bá kọjá ìwọ̀n nínú àpótí yìí, ohun àkọ́kọ́ tí a ó rí ni..."

Èéfín ló parí gbólóhùn náà fún un.

Olùkọ́ kan sá pẹ̀lú pọfupọ́ọ̀fù lẹ́nu. Òmíràn gbé garawa tí mo rẹ nápí ọmọ sí, ó fẹ́ dà á sára ògiri. Màmá kígbe pé, "Gbé e sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Wọ́n gbé ọmọ fún ọ̀gá, wọ́n fi etí ìró wọn di ọwọ́ ṣénjóvà mú, wọ́n fà á sáàárín. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n tì í sí ọ̀dọ̀ ìyálé. Èéfín rọlẹ̀. Ọkọ mi ṣì gbé ṣọ́ọ̀kì sókè.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ti tọ̀ sí wọn lára, àmọ́ wọn kò tilẹ̀ kà á sí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo fọwọ́ kàn án ni. Ọmọ mẹ́jọ ni mo bí. Tí ara ọmọ bá gbóná, a kì í bi aago."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé kọntirólà ńlá. Àwọn olùkọ́ yòókù tò tẹ̀ lé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ kàn án, tí wọ́n ń mi orí bí ẹni tí nǹkan yé.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Màmá wọlé bá mi ní kíṣìnnì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. "Ṣé o rí ojú ẹ̀?" Àwa méjèèjì di ara wa mú, a rẹ́rìn-ín títí ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nídìí wọn. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ mi wà lọ́mọdé, ó fi odindi ọjọ́ kan jókòó ti adìyẹ kan, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sàba. Láti ọjọ́ náà, n kò ka ọjọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta sí i, mo yọjú láti ojú fèrèsé, mo rí ọkọ mi tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí, Màmá dúró tì í.

"Ṣé báyìí ni?"

"Kò tíì tó. Ní sùúrù."

Ó ní sùúrù. N kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra.

Kọntirólà kékeré kò kú lọ́jọ́ èéfín náà, ihò kan ṣoṣo ni iná dá sí i nídìí. Ó sìn wá títí Màmá fi padà sí Mọ́níyà, tí iṣẹ́ yíyí di tèmi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọńlé gba ihò náà wọlé, iná pa á, òun náà sì pa kọntirólà. Ọkọ mi tú àpótí, ó tẹ́ òkú ọmọńlé sórí ìwé, ó mú ṣọ́ọ̀kì láti ṣàlàyé ọ̀nà tí iná gbà wọ inú rẹ̀. Mo gbé ọmọ, mo wọlé lọ rokà.