Ọkọ̀ Pupa Tí Mo Fi Ẹnu Mi Rà

Ní ìgbà èwe mi, èmi ni ẹnu ilé wa. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Tamale lẹ́yìn wa lè má mọ ohun tí mo ń wí, torí ẹ̀yin ń sọ Dàgbánì bí ẹni ń mumi. Ìlọrin ni bàbá mi ti wá, ó ti di géńdé kó tó wá sí Gánà níhìn-ín, ilé-kéwú ló ń tọ́jú ní Nyohini. Ó gbọ́ Haúsá dáadáa, ṣùgbọ́n Dàgbánì, èdè àwọn Dàgọ́ńbà tó ni ìlú, kò wọ̀ ọ́ létí, èdè Òyìnbó ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Bí a bá dé ilé ìwòsàn, èmi ni. Bí àwọn oníná bá wá, èmi ni. Bàbá á yíjú sí mi, á ní, "Kí ló wí?" Ohun tí mo bá sọ ló máa gbà.

Mi ò kàwé púpọ̀, irun mi ò sì tíì funfun, ẹ má bi mí pé ta ló ní kí n máa pìtàn bí àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí nínú.

Ìyá bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Orúnkún rẹ̀ ti kọṣẹ́, kò lè gun máṣíìnì mọ́. Bó bá fẹ́ jáde, inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó ewúrẹ́ àti sìmẹ́ńtì la máa ń gbé e sí, lórí ẹní. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan, àwọn ọmọdé sá tẹ̀ lé e, wọ́n ń ké bí ewúrẹ́: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ìyá àgbà fi ìborùn bojú. Bàbá mi rí i. Kò pẹ́ tó fi ta ìdajì ilẹ̀ àgbàdo wa ní Gumani fún àwọn tó ń kọ́lé, ó ní a máa ra ọkọ̀ tí ìyá òun á máa wọ̀. Ọkọ̀ àlòkù lowó náà ká, ìdajì tó kù la ó sì máa jẹ, kò sí nǹkan mìíràn tí a lè tà bí a bá ṣìnà.

A lọ sí Kakpagyili, níbi tí ọkùnrin Dàgọ́ńbà kan ti ń ta ọkọ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò. Méjì ló wà tí owó wa tó. Ọ̀kan rí bí eérú, ó gùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, àga rẹ̀ ti ya, wọ́n fi àǹkárá àlòkù bò ó. Èkejì pupa, ó ń dán, gíláàsì rẹ̀ dúdú, rédíò rẹ̀ ń kọrin. Kí n má purọ́ fún yín, mo ti rí ara mi nínú rẹ̀ kí bàbá mi tó kí ọlọ́kọ̀ náà tán. Mo rí àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń wò mí.

Ọkùnrin náà gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa náà, ó fi Dàgbánì sọ fún mi pé, "Sọ fún bàbá rẹ kí ọ̀dà yìí má tàn án. Fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Bí oòrùn bá mú, á kú sójú ọ̀nà. Ọkọ̀ àpọ́n ni. Tọ̀hún tó rí bí eérú ni kó gbé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyá arúgbó á lè wọlé. Torí pé ó jẹ́ àlùfáà ni mo ṣe ń là á yé e."

"Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní torí pé ẹ jẹ́ àlùfáà lòun ṣe ń sọ òótọ́ fún yín. Ó ní pupa yìí ni kí ẹ gbé."

Ẹ wò ó bí irọ́ ṣe rí. Ìdajì rẹ̀ lòótọ́.

Bàbá mi gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúrà fún ọkùnrin náà, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Àdúrà yẹn, mo túmọ̀ rẹ̀ láìdín ẹyọ kan. Ọkùnrin náà ṣe àmín, ó nawọ́ sí ọkọ̀ eérú. Mo ní rárá o, pupa lojú bàbá mi wà. Ó wò mí, ó wo bàbá mi, ó mirí. "Kò burú. Ẹni tó ń tajà kì í lé oníbàárà."

Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan ń lọ déédéé. Ìyá àgbà ń jókòó sẹ́yìn bí olorì. Àfi ìgbà tí Iléyá dé. Gbogbo wa ti múra, a ń lọ sí yídì, oòrùn ti ń mú. Ọkọ̀ gbọ̀n rìrì láàárín ọ̀nà, ó kú. Àwọn tó ń kọjá lórí máṣíìnì ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan fi Haúsá ké pé, "Màláàmù, ẹ kéwú sí i létí, bóyá á jí!" Kẹ̀kẹ́ tó kó àgbò ló ṣàánú wa. Àárín àwọn àgbò ni Ìyá àgbà jókòó sí padà sílé, tòun taṣọ ọdún. Wọ́n ti kírun tán.

Inú bí bàbá mi. Ó dé mọ́ṣáláṣí, ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé òpùrọ́ ni ọlọ́kọ̀ Kakpagyili, ó gba àdúrà òun tán, ó sì rẹ́ òun jẹ. Ọ̀rọ̀ àlùfáà kì í bọ́ sílẹ̀. Àwọn ará Zongo, àdúgbò àwa Mùsùlùmí àjèjì, kò yà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà mọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo panu mọ́.

Ọlọ́kọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló wá bá wa nílé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó gbọ́ Haúsá dání, kò nílò ẹnu mi. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó ní, "Màláàmù, àbúrò mi ní kí n bi yín: ohun tóun sọ fún ọmọ yín lábẹ́ igi, ṣé ó sọ ọ́ fún yín?" Ó wá tò ó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ọ̀rọ̀ fítà, ọ̀rọ̀ oòrùn, títí dórí ẹnu ọ̀nà tó lọ sílẹ̀ fún ìyá arúgbó.

Bàbá mi yíjú sí mi. Kò bi mí pé kí ló wí. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lórí ẹní rẹ̀: "Ṣé rédíò náà dùn, ọkọ mi?"

Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì bàbá mi ra obì gbànja, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Kakpagyili. Mo ní kí a mú ẹni tó gbọ́ Haúsá dání. Ó ní, "Ẹnu tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe." Níwájú àwọn fítà àti oníbàárà, bàbá mi lóṣòó, ó gbé obì kalẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ.

"Sọ fún un pé mo purọ́ mọ́ ọn."

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni, kì í ṣe òun. Ó wò mí lójú. "Má fi kún un. Má yọ kúrò."

Mo bá túmọ̀ rẹ̀ pérépéré, bẹ́ẹ̀ kò sóòótọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi pe bàbá mi ní òpùrọ́ lójú ayé. Ọkùnrin náà sáré gbé e dìde: "Gaafara, gaafara! Ẹ jọ̀ọ́! Kí àlùfáà má lóṣòó fún mi!" Ó pa obì, ó pín in kárí. Nígbà tó kàn mí, ó fò mí.

Láti ọjọ́ náà bàbá mi kò ní kí n túmọ̀ nǹkan kan mọ́. Àbúrò mi obìnrin ló ń mú jáde. Ọkọ̀ pupa náà, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló kó o. Kẹ̀kẹ́ ewúrẹ́ ni Ìyá àgbà ń wọ̀ títí tó fi ṣaláìsí. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ igbe ewúrẹ́ nínú kẹ̀kẹ́, ojú ń tì mí.

Ayé ti yí. Inú fóònù lẹ ti ń wo ọkọ̀ báyìí, ibi tó ń dán nìkan ni wọ́n sì ń yà fún yín. Gumani tí a ti ń gbin àgbàdo ti di ilé lórí ilé. Àwọn ọmọ mi gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Dàgbánì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, bàbá mi á kàn máa wo ẹnu wọn.

Láìpẹ́ yìí, èmi náà ń wá ọkọ̀ àlòkù fún ìdílé mi, owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Bàbá mi ní òun á bá mi lọ. Àbúrò mi ò sí nílé. Ọlọ́kọ̀ tí a lọ bá da Dàgbánì sílẹ̀, ó sọ ọ́ pẹ́. Bàbá mi fi ọ̀pá rẹ̀ gún mi lẹ́sẹ̀.

"Kí ló wí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé bíréèkì rẹ̀ ò dára, pé táyà ẹ̀yìn ti jẹ, pé ọkùnrin náà ní ahun ni mí, pé bàbá arúgbó tí mo mú wá yìí ló jọ ẹni tó gbọ́n nínú àwa méjèèjì.

Bàbá mi fi ọ̀pá tọ́ka sí ọkọ̀ náà. Ó ní, "Bi í wò bóyá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sílẹ̀."