Orin Èéfín tí Ọmọ Àbúrò Mi Kọ

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi kọ́kọ́ gba gìtá lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí ìjọba gbé wá láti Sakété, orin inú rédíò ló ń kọ. Ohùn rẹ̀ a máa ròkè bí ẹni tó ń pe èèyàn láti orí àpáta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Àmọ́ ó lọ lo ìgbà òjò kan lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Bẹ́sẹ́, láàárín àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Nígbà tó dé, ó ti dẹ okùn gìtá náà, ó wá ń fi ohùn kẹ́lẹ́ kọrin.

"Gbé ohùn sókè!" Mo jágbe mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ sún mọ́ mi ni."

Ayé ìjọba sójà nìyẹn, ayé tí gbogbo èèyàn ń pe ara wọn ní "kamaráàdì", tí gbogbo orin sì gbọ́dọ̀ yin ìjọba. Olórí àgbègbè wa ní kó wá kọ tirẹ̀ níbi ìpàdé. Bí ará ìlú ò bá gbà á, kó wọ ẹgbẹ́ olórin àgbègbè, kó máa kọ ohun tí wọ́n bá fi lé e lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ náà, èmi akin, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Mo ti bọ́ bàtà sọ́wọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sáré ni?" Ìyá kan tó ń ta iṣu ló bi mí.

"Ooru ló mú mi."

"Ooru ẹsẹ̀!"

Ọmọ náà kọrin obìnrin tó ń yan gàrí, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀: *Ẹ má bi mí pé ta ló nà mí, èéfín ni.* Ó parí. Ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ kí àwọn àgbà ìjọba tó pàtẹ́wọ́, olórí àgbègbè sì ká ọwọ́ gbera. Mo fojú wá ọ̀nà àbájáde.

Ni àwọn obìnrin bá gbè é láti ẹ̀yìn: "Èéfín ni, èéfín ni." Gbogbo ìpàdé gbà á, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ gìtá rẹ̀. Olórí àgbègbè wá pàtẹ́wọ́ níkẹyìn.

"Ta ló ni ọmọ yìí?"

Kí àbúrò mi tó bí i tó lanu, mo ti dìde. "Èmi ni!"

"Kó máa kọ tirẹ̀."

Orin tirẹ̀ ló ń kọ látìgbà náà, ní Bónì, ní Àdídó, títí rédíò Kùtọnú fi ránṣẹ́ pè é. Èmi ni mo ń bá a gbé gìtá. Iwájú rẹ̀ ni mo sì máa ń rìn, kí wọ́n má baà gbàgbé láti bi mí ta ló ni ọmọ yìí.