Ọmọ Tí Òṣùwọ̀n Ń Yìn

Òórùn ewé tó ń hó nínú ìkòkò, pẹ̀lú èéfín rélùwéè tó ń fẹ́ wọlé láti ọ̀nà ibùdókọ̀, ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Ìfọ̀ nígbà náà. Ìyàwó kékeré ni mí, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ àkọ́bí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, a sì ń gbé lẹ́yìn ilé ìyá ọkọ mi. Kùrukùru a máa bolẹ̀ láàárọ̀ débi pé ohùn àwọn èèyàn ni a ó kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí wọn. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé inú omi ni gbogbo wa ń rìn.

Ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ ni ọjọ́ ńlá wa. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, a ó pọn ọmọ lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọba, a ó tò sórí bẹ́ńṣì, nọ́ọ̀sì a sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì kọ ìwọ̀n wọn sínú káàdì. Nítorí ìlera ni ìjọba ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ìyá ti sọ ọ́ di ìdíje. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá tẹ̀wọ̀n, orí rẹ̀ á wú. Èyí tí tirẹ̀ bá fúyẹ́ á yára pọ̀n ọ́n, á gba ẹ̀yìn ilé lọ. Èmi ò fẹ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mo fẹ́ràn ìyìn, kí n má purọ́.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń rọ ọmọ lágbo: a ó tẹ́ ẹ sórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ká a lẹ́nu, a ó máa da àgbo sí i. Díẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ń fún un. Lọ́jọ́ ìwọ̀n, èmi a rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n ó tún fi omi lé e. Nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyàwó yìí mà ń ṣe dáadáa o." Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo sọ ọ́ di ojoojúmọ́. Nígbà tó yá, ọmọ kò fẹ́ ọmú mọ́, omi ewé ti kún inú rẹ̀. Apá rẹ̀ ń tín-ín-rín lójú mi, ṣùgbọ́n káàdì ní kò sí ewu, káàdì ni mo sì gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ ìwọ̀n kan, ó jí, kò sunkún. Ojú rẹ̀ là, kò wo nǹkan kan. Àní mo ṣì rọ ọ́ kí n tó sáré gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó wo ọmọ, ó tún wo káàdì.

"Ìyàwó, kí lò ń fún un? Bó bá jẹ́ ọmú nìkan, á jẹ́ pé ibà ni. Màá fún un lóògùn, kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e padà sílé, yóò kú. Mo ní, "Àgbo ni, mà. Mo máa ń rọ ọ́ yó kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Nọ́ọ̀sì kò bá mi wí. Ó kọ ìwé, ó sì fi wá sínú rélùwéè tó ń lọ sí Abẹ́òkúta lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò ní ọsibítù, kí ó tó mú ọmú bí ọmọ tó fẹ́ ayé.

Ó ti di ìyá àgbà báyìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Akute ni mo ń gbé, a sì jọ máa ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó bá ń bọ̀ wálé. Ó mọ̀ pé ara òun ò yá ní kékeré. Ó mọ̀ nípa àgbo náà, a tiẹ̀ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí n kò tíì sọ fún un ni pé nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí ní ìbéèrè yẹn, òun ọmọ mi kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ńṣì ni mo kọ́kọ́ wò.