Àpótí Lẹ́tà Atẹ̀wé Kò Tó Orúkọ Gbogbo Wa

Atẹ̀wé ní kí n yọ ọ̀kan kúrò nínú àwọn ọmọ ìyá mi lónìí!

Ọ̀la la ó sin Màámi. Èmi àti Àdùkẹ́, àbígbẹ̀yìn wa, lọ gba ìwé ìkéde ìsìnkú nítòsí Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́. Atẹ̀wé ò tíì tẹ nǹkan kan. Ó ṣí àpótí lẹ́tà òjé tó fi ń tẹ̀wé hàn wá.

"Ẹ má bínú, sà. A àti O ti tán. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ lẹ́tà nílùú òyìnbó, èdè tiwọn ni wọ́n fi ń díwọ̀n èyí tí wọ́n ń kó ránṣẹ́. Q àti X tí a kì í lò ló ṣẹ́kù síbí. Ẹ yọ orúkọ ọmọ kan."

"Kí n yọ ọmọ kẹ̀?"

Èmi ni àkọ́bí. Orúkọ mi ló ṣíwájú. N kò fi tèmi sílẹ̀.

Àdùkẹ́ ló fọhùn. "Ẹ yọ tèmi, bọ̀dá mi."

Òun nìkan ló ń wẹ Màámi, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, títí ẹ̀mí fi bọ́.

Wọ́n ti tẹ ìwé náà láìsí orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti ń pín in dé Ọjà Igbó l'Ógbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ẹni tó bá kà á yóò gbà pé Màámi ò bí Àdùkẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni ẹ̀yin ìbá yọ?