Fótò Táyé àti Kẹ́hìndé

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọ́n ní láti fà mí lọ́wọ́ bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, onífótò kan wà ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ má fi wé tòde òní o. Àwọn òyìnbó ló ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa nígbà náà, ẹni tó bá sì fẹ́ ya fótò, ó ní láti wẹ̀, kó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, kó wá jókòó gbagidi bí òpó. Aṣọ ńlá kan tí wọ́n ya òdòdó àti àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ni bàbá náà máa ń ta sẹ́yìn èèyàn. Kámẹ́rà rẹ̀ tóbi bí àpótí, ó dúró lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ á sì ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti pariwo pé, "Ẹ má mira o!" kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú.

Ìbejì ni wọ́n bí mi. Èmi ni Táyé, obìnrin. Ọkùnrin ni Kẹ́hìndé mi. Bàbá wa jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ìyá wa ń ta aṣọ lọ́jà. Kẹ́hìndé kì í jókòó sójú kan. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ilé dijú gbàdúrà, òun ni yóò máa wò kiri láti mọ ẹni tí kò dijú, tí àdúrà bá sì parí, á fẹjọ́ onítọ̀hún sùn.

Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni ibà mú un. Kò sì pẹ́ tí ibà mú un tó fi lọ. Nílé wa, ẹnu wọn kì í gbà á láti sọ pé ìbejì kú; wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Mo ń fi ẹran sílẹ̀ dè é nínú abọ́ mi títí èèrà fi ń bò ó.

Ìyá wa kò sunkún. Ohun tó ba àwọn àgbà lẹ́rù nìyẹn. Ó kàn dákẹ́ ni, kò lọ sọ́jà mọ́. Ìyá bàbá mi, tó wá bá wa láti abúlé rẹ̀ lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, se ìkọ́kọrẹ́ fún un, ìyá wa jókòó tì í títí tó fi dì, kò fọwọ́ kàn án.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ bá agbẹ́gilére, kó gbẹ́ ère Kẹ́hìndé, kí ìyá wa máa wẹ̀ ẹ́, kó máa wọ aṣọ fún un, bí wọ́n ti ń ṣe láyé tiwọn. Bàbá mi fò dìde.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ère kò ní wọ ilé tí a ti ń ka Bíbélì."

"Ìwọ àti Bíbélì rẹ! Ṣé o ò rí ìyàwó rẹ ni? Ṣé o fẹ́ kí Táyé náà tẹ̀ lé e?"

Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn ojoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jiyàn náà lọ́wọ́, ìyá mi là wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ọmọ mi, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́."

Bàbá mi wá béèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Mo ti ń gbàgbé bí imú rẹ̀ ṣe rí."

Ó dìde, ó ró aṣọ, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ onífótò. Bàbá náà ti ya àwọn ọmọ ilé ìwé wa rí, ó sì wá ọ̀kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ jáde. Èmi ń bẹ níbẹ̀, mo le ojú koko. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé hàn, ẹ̀wù rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ibi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà, bí èéfín ló rí. Ó ti yí orí nígbà tí wọ́n ní ká má mira.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Òun gan-an nìyí! Ìgbà wo ló dúró jẹ́ẹ́ rí?" Ẹ̀rín náà ló di ẹkún. Gbogbo èyí tí kò sun nílé, ó sun ún síbẹ̀.

Onífótò jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá Ìbejì, ojú kan náà ni wọ́n jọ gbé wáyé. Ẹ mú Táyé padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Kí ẹ mú aṣọ Kẹ́hìndé dání."

Nígbà tí a padà dé, ó gbé mi jókòó sí apá ọ̀tún àga gígùn kan pẹ̀lú gáùn mi, ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ó yà mí. Ìyá mi wá bọ́ gáùn náà, ó wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù Kẹ́hìndé fún mi, ó ki irun dídì mi sábẹ́ fìlà rẹ̀. Wọ́n gbé mi sí apá òsì, onífótò sì sún páálí náà bo ìdajì kejì, kí àwa méjèèjì lè jáde nínú fótò kan ṣoṣo. Òórùn àdí tí wọ́n fi ń pa á lára nígbà tó ń ṣàìsàn ṣì wà lára ẹ̀wù náà. Mo bi ìyá mi pé, "Tó bá dé, ṣé kò ní bínú pé mo wọ aṣọ òun?"

Onífótò yọ orí lábẹ́ aṣọ dúdú, ó kọjú sí ògiri. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú mi, ó tún fìlà náà ṣe. Ó ní, "Táyé, kò ní padà wá mọ́."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo tún gbọ́ pé, "Má mira o!" mi ò sì mira. Ẹni tó bá wo fótò náà lónìí á ní ọkùnrin yẹn mà ń ronú gan-an. Kò mọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un ni.

Nígbà tí fótò jáde, àwa méjèèjì la jókòó pọ̀ síbẹ̀, kò sí ojú àlàfo láàárín wa. Ìyá àgbà gbà á, ó fi ìka kan ojú ọkùnrin náà, ó ní, "Kẹ́hìndé, o káàbọ̀." Kò sọ̀rọ̀ ère mọ́. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó ní irọ́ ni fótò náà ń pa, àwọn méjèèjì kò jókòó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó gbé e kọ́ sí iyàrá rẹ̀, ó jẹun, ó sì padà sọ́jà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí olùkọ́ kan tó wá kí bàbá mi láti Odogbolu. Ọkùnrin náà rí mi, ó béèrè iye ọmọ tí bàbá mi bí. Bàbá mi dìde. Ó wọ iyàrá ìyá mi lọ, ó gbé fótò náà jáde, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Àwọn ìbejì mi nìyí," ó ní. "Táyé ló wà lápá ọ̀tún." Nígbà tí àlejò lọ, òun fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Ilé onífótò ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń ya oúnjẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́, fótò tí ojú ẹni kò bá sì mọ́ nínú rẹ̀, wọ́n á pa á rẹ́ kíá. Mi ò bá wọn wí. Ká ní ayé tiwọn ni wọ́n bí Kẹ́hìndé sí, à bá rí i níbi tó ti ń sáré, à bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń fẹjọ́ wa sùn. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn náà dáadáa. Ṣùgbọ́n etí tèmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí èmi náà bá sì ń lọ, àwa méjèèjì la jọ ń lọ.