Irin Tó Wà Láàárín Wa àti Ẹdun

Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n jù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lójú ọ̀nà tó lọ sí ọgbà ẹranko yẹn ní Ìkòsí. Ẹ̀yìn ọjà èso ni ọgbà náà wà. Ó kéré, ọkùnrin olówó kan ló dá a sílẹ̀, kò sì sí nǹkan púpọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀nì kan tí kì í mira, òòrẹ̀ mélòó kan, ọ̀kín tí ìrù rẹ̀ ti re dànù, àti ẹdun kan ṣoṣo. Bí o bá ti kọjá géètì, òórùn èso á lọ, òórùn ìtọ̀ ẹranko àti koríko tútù á gba ipò rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń bẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọgbà yẹn ni ọkàn mi máa ń sá lọ, owú àtijọ́ á sì tún jí nínú mi.

Ìwọ tí wọ́n bí ní àkọ́bí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi ni Ìdòwú. Àwọn ìbejì ló ṣáájú mi wá sáyé, obìnrin làwọn méjèèjì, wọ́n pupa, wọ́n rẹwà, ẹnu wọn sì dùn. "Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì," làwọn èèyàn máa ń sọ bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín, torí bí mo bá bínú, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó bá ti há mọ́ wọn lára ló ń di tèmi. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ti orúkọ. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Mummy ń tà ní ọjà èso, èmi ni mo sì máa ń jókòó tì í lẹ́yìn ilé-ìwé, tí mò ń bá a nu ọsàn níkọ̀ọ̀kan títí á fi máa dán. Àwọn ìbejì kì í wá, wọ́n ní oòrùn ọjà ń fún wọn ní ẹ̀fọ́rí. Síbẹ̀, bí oníbàárà bá dé, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà," ni wọ́n máa ń kí i, lójú èmi tí mo gbé ọsàn dání. Mo máa ń retí pé kí ẹnì kan ṣèèṣì pè é ní Ìyá Ìdòwú. Kò sẹ́ni tó ṣèèṣì rí.

O mọ̀ pé àwọn àgbà gbà pé ìbejì àti ẹdun, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹdun ọgbà yẹn dúdú, irun funfun yí ojú rẹ̀ ká bí irùngbọ̀n àgbàlagbà, ó sì máa ń jókòó bí ẹni tó ń ronú ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ dé ọjà, gbogbo ìyá ìbejì láti Kétu títí dé Mile 12 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀wà àti ìrèké wá kí i. Ẹ̀wà elépo ni o. Inú ẹranko náà kò gbà á, ó ń ṣu gbuuru, irun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í re. Ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí. "Ewé ló ń jẹ, ẹ̀yin Mummy. Ẹ̀wà yìí ń ṣe é léṣe." Ohun tí wọ́n máa ń dá a lóhùn ni pé oúnjẹ ẹbí kì í pa ẹbí. Nígbà tó sú u, ó ri irin mọ́lẹ̀ níwájú kéèjì, irin tó ga dé ìdí àgbàlagbà, ó sì fi àlàfo sáàárín irin àti kéèjì, kí ọwọ́ èèyàn má baà dé ọ̀dọ̀ ẹdun, kí ti ẹdun náà má sì dé ọ̀dọ̀ èèyàn.

Lọ́jọ́ ìbí àwọn ìbejì, Mummy mú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbẹ̀. Òun ló máa ń fún ọgbà náà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò bá tà, nítorí náà ó ka ara rẹ̀ sí onílé níbẹ̀. Àwọn ìbejì wọ aṣọ tuntun, ìlẹ̀kẹ̀ sì ń dún wọṣọwọṣọ nídìí irun tí wọ́n di. Èmi ni mo gbé báàgì ìrèké àti omi. Ọkùnrin olùtọ́jú náà wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fọ kòtò omi ọ̀nì. Mummy wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé Táíwò kọjá irin, ó gbé Kẹ́hìndé kọjá, òun náà sì ká ìró rẹ̀ sókè, ó tẹ̀lé wọn. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí irin náà nígbà tó bojú wẹ̀yìn.

"Ìwọ dúró síbẹ̀. Kì í ṣe ẹbí tìẹ."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ohùn tó fi ń sọ fún oníbàárà pé ọsàn ti tán ló fi sọ ọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ ẹsẹ̀ mi kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, pẹ̀lú ohùn kan tó rọ̀ tó sì ń mì, ohùn tí kò fi pè mí rí. Mo jowú àwọn ìbejì. Mo tiẹ̀ jowú ẹdun náà, tó jókòó sínú kéèjì láìṣe nǹkan kan, tí ìyá mi sì ń kì í.

Táíwò na abọ́ ẹ̀wà sí i. Ẹdun náà yọ ọwọ́ láàárín wáyà, ó bù ú, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ìlẹ̀kẹ̀ Kẹ́hìndé dún, ẹranko náà sì na ọwọ́ sí ìyẹn pẹ̀lú, ó fa irun pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ títí orí ọmọ náà fi gbá wáyà. Kẹ́hìndé ké, ó gbé ọwọ́ sókè láti já ara rẹ̀ gbà, ẹdun náà sì gé e ní ìka jẹ. Mummy bọ́ bàtà, ó ń fi lu apá ẹranko náà, apá yẹn sì há sínú wáyà. Kí olùtọ́jú tó sáré dé, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára àwọn méjèèjì. Ó tú ọmọ sílẹ̀, ó rọra tú apá ẹdun náà, ẹdun sì fò lọ sí ìkángun kéèjì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń lá ojú egbò rẹ̀. Gbogbo èèyàn yí Kẹ́hìndé ká. Kò sẹ́ni tó wo ibi tí ẹdun wà àfi èmi, torí èmi náà kò ní ẹni tó ń wò mí.

Ọ̀gá tó ni ọgbà sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀, òógùn ti bò ó. Ó bi Mummy ibi tí wọ́n dúró sí. Ẹ̀rù ohun tí Daddy máa sọ nílé ń ba Mummy, mo rí i lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yìn irin la wà, a ò kọjá rẹ̀," ló sọ. "Ó kàn na ọwọ́ jáde ni."

"Ẹ má bínú, Mummy, please," ni ọ̀gá náà wí. "Ẹranko tó bá ti lè na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ èèyàn, a ò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Wọ́n á yìnbọn fún un kílẹ̀ tó ṣú."

Olùtọ́jú náà kò bá Mummy jiyàn. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ọmọ tí kò sunkún yẹn."

Gbogbo wọn bá wò mí. Báàgì ìrèké ṣì wà léjìká mi. Mo rí ojú Mummy tó ń bẹ̀ mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi tí àwọn ìbejì ò lè fún un. Mo wo ẹdun tó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo ní, "Mummy ló gbé wọn kọjá irin. Wọ́n ní kí èmi dúró síbí."

Wọn ò yìnbọn fún ẹdun. Ọ̀gá náà bú olùtọ́jú, ó bú Mummy tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Àwọn tó gbọ́ yìn mí pé ọmọ olóòótọ́ ni mí, mo sì gba ìyìn náà. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ fún ọ bó ṣe jẹ́: àánú ẹdun wà níbẹ̀, òótọ́ ni, owú ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Kẹ́hìndé gba báńdéèjì, ó gba mọ́ọ̀tì mu, ó sùn sọ́dọ̀ Mummy, mo sì jowú báńdéèjì yẹn pẹ̀lú. Mummy kò nà mí. Ó kàn bá mi sọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ẹni tó ń bá a nu ọsàn.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì tún pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún mú wa lọ. Mi ò rò pé á lè wọ ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ewé tútù ló gbé dání, ó sì fi lé olùtọ́jú lọ́wọ́ ní géètì. Ọkùnrin náà wo ewé, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá Ìdòwú, ẹ káàbọ̀."

Mo rò pé Mummy máa tún un ṣe. "A dúpẹ́ o," ló sọ, ó sì wọlé.

Wọ́n ti gbé irin náà ga sí i. Irun ẹdun ti hù padà, ó ń jẹ ewé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò tiẹ̀ wò wá. Mummy kì wọ́n láti ibi tó dúró sí, Táíwò wà lápá ọ̀tún mi, Kẹ́hìndé wà lápá òsì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi àyà ti irin náà, ó sì tutù.

Nísinsìnyí, bí mo bá mú ọmọ mi lọ wo ẹranko, tí mo rí òbí tó ń gbé ọmọ sórí irin nítorí fọ́tò, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n sọ ọmọ yẹn kalẹ̀. Ọkọ mi ní mo fẹ́ràn òfin jù. Mo máa ń jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀yìn irin ni ibi àkọ́kọ́ láyé mi tí èmi àti àwọn ìbejì ti jọ dúró lọ́gbọọgba, tí wọn ò ṣáájú mi.