Ohùn Tó Ń Pè Mí Lórí Òkè Ẹfun

Ọjọ́ tí èmi ọmọ Kumasi gun òkè Alps ní ilẹ̀ Yúróòpù kò lè parẹ́ lọ́kàn mi láé. Bùrọ̀dá Ràímì, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ló mú mi gun òkè olókùúta ẹfun kan, funfun báláú. Ibi tí mo ti ń ya fọ́tò ni kùrukùru ti bo gbogbo ayé. N kò rí Bùrọ̀dá mọ́.

“Sàlámọ́! Sàlámọ́!” Ohùn kan ń pe orúkọ mi, ó ń ti ọ̀tún wá, ó tún ń ti òsì wá. Ìyá wa sì ti kìlọ̀ fún wa ní Alabar, àdúgbò wa ní Kumasi, pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí, kó má lọ jẹ́ iwin. Mo panu mọ́, mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta.

Ìpè dákẹ́. Nígbà tó yá, ohùn náà ké bíi ti méètì, ọmọ ọkọ̀ tó ń pe èrò sínú trotro, bọ́ọ̀sì èrò ilé wa: “Adum! Adum! Ó ku ẹnì kan!”

Iwin orí òkè Alps wo ló mọ Adum, àárín ìlú Kumasi? Mo dìde, mo pariwo: “Méètì, ẹ dúró, mò ń bọ̀!”

Títí dòní, bí Bùrọ̀dá bá pè mí lórí fóònù, kì í dárúkọ mi. “Adum!” ló máa ń wí, kí n tó dáhùn.